Ìpele Kan, Ìpele Mẹ́ta

Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n sinmi. Bàbá rewáyà tó ń bá mi wo mọ́tò ní Mókọ́lá ni wọ́n bi mí. Wọ́n ti tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fa wáyà kan jáde, wọ́n sì fi èékánná họ ibi tí ẹnì kan ti so ó pọ̀. Téépù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lonítọ̀hún wé mọ́ ọn. Téépù náà ti gbẹ, ó ti ń ṣí fúnra rẹ̀. Bàbá gbójú sókè, wọ́n ní, "Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ ohun tí mọ́tò yìí ti fojú rí kó tó dé ọwọ́ yín?"

Mo ní tòkunbọ̀ ni, pé láti Kútọnu ni wọ́n ti gbé e wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ò bèèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Wọ́n tún wáyà náà wé dáadáa, wọ́n sì ní bóyá kí àwọn kúkú tú ìyókù wò, nítorí ẹni tó lè wé ọ̀kan báyìí, kò dájú pé ọ̀kan náà ló wé. Mo bèèrè iye tí yóò jẹ́. Wọ́n dá a lé mi. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ná, a ó máa wò ó.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣíná mọ́tò, etí mi á máa gbọ́ ohun tí kò dún. Àsìkò yẹn náà ni mo ń ka ìtàn tòkunbọ̀ mìíràn, èyí tí ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Kánádà rà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ abẹ́ òkun ni. Orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ ni Upholder, èyí tó ń jẹ́ báyìí ni Chicoutimi. Mo ti ka ìtàn náà dópin, àmọ́ ibì kan wà nínú rẹ̀ tí n kò tíì kúrò.

Ọ̀rá ara ìjókòó kò tíì ya

Upholder ni àkọ́bí nínú ọkọ̀ mẹ́rin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kàn tẹ̀léra. Iléeṣẹ́ Vickers ní Barrow-in-Furness ló kàn án, wọ́n sì tì í sómi ní oṣù Kejìlá ọdún 1986. Àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́ta, Unseen, Ursula àti Unicorn, ọgbà ìkànkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti bí wọn, ní Cammell Laird ní Birkenhead. Ẹ bá mi fi ìyẹn pamọ́ sápá kan ná.

Bí irú ọkọ̀ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ní ṣòro yé ẹni tó bá ní inverter nílé. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì inú rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀, òun ló ń rọ iná sínú bátìrì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ wọ abẹ́ omi, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, bátìrì á wá máa gbé e lọ jẹ́ẹ́jẹ́, láìpariwo, kí ọ̀tá má baà gbọ́ ìró rẹ̀. Gbogbo ayé ọkọ̀ náà, orí wáyà ló wà. Àwọn wáyà rẹ̀ kì í sì í ṣe wáyà gílóòbù. Wọ́n nípọn, iná inú wọn kì í ṣe èyí tí a fi ń ṣeré.

Ó ní àwọn àléébù tí ayé mọ̀. Ẹ́ńjìnnì Paxman Valenta tí wọ́n gbé sínú rẹ̀, irú ẹ̀ ló ń wọ́ ọkọ̀ ojú irin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàn-án-pa-á tí ọkọ̀ abẹ́ òkun ń béèrè kò sì bá a lára mu. Ihò tí wọ́n ń gbà ta tọ̀pídò, bọ́ǹbù tó ń rìn nínú omi, náà ní ẹjọ́ tirẹ̀: ẹ̀rù wà pé ìlẹ̀kùn ti inú lè ṣí nígbà tí ti ìta ṣì kọjú sí òkun gbayawu. Àwọn wọ̀nyí, wọ́n rí wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì náwó sí i. Àléébù tí a bá ti mọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe òun ló ń dẹ́rù bà mí.

Ọdún 1990 ni Upholder wọ iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di 1994, wọ́n ti ní kó lọ jókòó. Soviet ti túká, owó ogun ti ń dín kù, Gẹ̀ẹ́sì sì pinnu pé ọkọ̀ abẹ́ òkun tó ń fi agbára núkíláà rìn nìkan ni àwọn yóò máa lò. Ọdún mẹ́rin! Mọ́tò tí wọ́n bá lò fọ́dún mẹ́rin níbí, tuntun là ń pè é. Ọ̀rá ara ìjókòó rẹ̀ lè má tíì ya.

Wọ́n so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ ní Barrow, wọ́n ń wá ẹni tí yóò rà á. Ọdún 1998 ni Kánádà gbà láti ra gbogbo wọn, owó náà sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 750 dọ́là tiwọn. Àwọn ọdún ìdúró yẹn kì í gba ju gbólóhùn kan lọ nínú ìtàn ọkọ̀, nítorí ohun tí kò bá rìn, àwọn èèyàn rò pé kò ní ìtàn. Ẹ bi mẹkáníìkì yín. Mọ́tò tí wọ́n gbé sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mẹ́rin, ìdààmú rẹ̀ ju ti èyí tó ń lọ Èkó tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ lọ. Ọkọ̀ tó sì wá dúró sínú omi iyọ̀ ńkọ́?

Kẹ́hìndé

Kánádà yí orúkọ wọn padà. Unseen di Victoria, Unicorn di Windsor, Ursula di Corner Brook. Upholder di Chicoutimi. Orúkọ ìlú kan ní Quebec ni, láti inú èdè àwọn Innu tó nilẹ̀ níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí omi jíjìn parí sí. Ó dùn mọ́ mi, ó sì yà mí lẹ́nu, pé èèyàn lè fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó wọ inú jíjìn lọ. Upholder náà kò fúyẹ́ ní tirẹ̀. Upholder àkọ́kọ́, èyí tí David Wanklyn jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ sí Òkun Mẹditaréníà, kò sì padà mọ́ láti oṣù Kẹrin ọdún 1942, pẹ̀lú gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ ọ́ ní Chicoutimi, ilé tiwọn ni wọ́n wò. Ilé tí ọmọ ti wá wà nínú ara ọmọ.

Wọ́n ń tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kó wọn lọ sí Kánádà. Victoria lọ ní 2000, Windsor ní 2001, Corner Brook ní 2003. Àkọ́bí ló kẹ́yìn. Bí Kẹ́hìndé ló ṣe rí: ó gbẹ̀yìn dé, síbẹ̀ òun ni àgbà. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ni Gẹ̀ẹ́sì fà á lé Kánádà lọ́wọ́ ní Faslane, ní Skọ́tílándì. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ìyẹn ọjọ́ kẹrin, ó ṣíkọ̀ lọ sí Halifax ní Kánádà pẹ̀lú èèyàn 57.

Ìdérí méjì

Ibí ni mo dúró sí.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ni. Orí omi ni wọ́n ń rìn, wọn ò tíì rì wọ abẹ́, wọ́n wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Áyálándì, ìgbì sì ń ru. Ilé-ìṣọ́ tó wà lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìdérí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ rántí ẹnu ọ̀nà báǹkì wa, tí ìlẹ̀kùn kejì kì í ṣí títí tí àkọ́kọ́ yóò fi pa, tí èèyàn á dúró láàárín bí ẹran inú àgò. Ìdí kan náà ni: kí ohun tó bá wọ ti àkọ́kọ́ má lè wọ ti kejì. Lọ́jọ́ náà, nǹkan kan wà ní òkè tó ń fẹ́ àtúnṣe. Wọ́n ń ṣe é lọ́wọ́, ìdérí méjèèjì sì wà ní ṣíṣí.

Ìgbì kan dìde, ó sì bá ojú ihò wọlé.

Omi tó wọlé tó nǹkan bíi lítà 2,000. Mo jáde lọ wo táǹkì dúdú tó wà lórí òpó lẹ́yìn ilé wa, nítorí lítà 2,000 gan-an ni wọ́n kọ sí i lára. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ro ó pé ẹnì kan gbé ìdí táǹkì yẹn sókè, tó sì dà á wọ yàrá yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ọmọ ọkọ̀ náà ṣe ohun tí èmi àti ẹ̀yin yóò ṣe. Wọ́n gbọ́n omi, wọ́n nu ilẹ̀. Ibi tí n kò lè kúrò níbẹ̀ nìyẹn, àárín ìgbà tí wọ́n nu ilẹ̀ tán àti ìgbà tí èéfín yọ. Lójú, ó ti tán. Omi wọlé, omi jáde, ọkọ̀ ń lọ. Mo máa ń rí ẹnì kan nínú wọn tó fún aṣọ ìnulẹ̀ gbẹ, tó nà tàntàn, tó dúpẹ́ pé nǹkan ò bàjẹ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló rí, èmi ni mo kàn ń rí i. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi ti wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn wáyà ńlá gbà kọjá nínú ilẹ̀ lápá yàrá ọ̀gá ọkọ̀, ó ń wá ojú ibi tí wọ́n ti so wọ́n.

Omi la mọ̀ tó ń paná. Lọ́jọ́ yẹn, omi ló dáná. Wáyà ta pàrà, iná sọ, èéfín sì gba inú ọkọ̀ kan tí kò ní fèrèsé kankan. Wọ́n pa iná náà. Akin ni wọ́n. Àmọ́ mẹ́sàn-án nínú wọn ti fa èéfín sínú, èyí tó sì burú jù ni ti ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Lieutenant Chris Saunders, ẹni ọdún 32. Lọ́jọ́ kejì, hẹlikọ́pítà gbé òun àti méjì mìíràn. Ara rẹ̀ ń burú sí i lójú ọ̀run, wọ́n bá yà pẹ̀lú rẹ̀ sí ìlú Sligo ní Áyálándì. Ó kú.

Ọkọ̀ náà ń léfòó níbẹ̀, kò lágbára mọ́, ìgbì ń fi í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ọkọ̀ ogun Áyálándì kan, Róisín, gbéra láti lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, ìgbì lu òun náà débi tó fi ní láti padà. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Montrose ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, lọ́jọ́ kẹfà. Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n tó wọ́ Chicoutimi padà dé Faslane, èbúté tó ti kúrò ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú.

Ẹni tí àtúnṣe kò bá

Kánádà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, àbọ̀ wọn sì jáde ní 2005. Wọn ò di ẹ̀bi ru ọ̀gá ọkọ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rí, oríkèé kan fa èkejì: ìgbì tó ru, nǹkan tó ń fẹ́ àtúnṣe lókè, ìdérí méjì tó ṣí, wáyà.

Wáyà yẹn ni mo ń bọ̀ wá sọ. Nígbà tí wọ́n ń kan Upholder, ohun tí ìwé ìlànà sọ ni pé kí wọ́n fi ìpele kan ohun tí omi kì í wọ̀ bo ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà. Ìpele kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i pé kò tó, wọ́n sì yí ìlànà padà: ìpele mẹ́ta. Àmọ́ Upholder ni àgbà. Ìlànà tí wọ́n fi kàn án kò béèrè ju ẹyọ kan lọ, ẹyọ kan yẹn ló sì wà lára rẹ̀ títí omi fi dé.

Mo ka gbólóhùn yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Kò sí olè níbẹ̀. Ẹni tó wé wáyà náà kò ṣe màgòmágó, ohun tí ìwé sọ ló ṣe. Ẹni tó yí ìlànà padà náà, iṣẹ́ rere ló ṣe, ó kẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ṣì ń bọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ni kó dìde, kó padà lọ bá àkọ́bí, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tú u." Ta ni ìbá tilẹ̀ lọ? Ọkọ̀ ti jáde ní ọgbà kan, àwọn àbúrò rẹ̀ ń dàgbà ní ọgbà mìíràn. Lẹ́yìn èyí ló lọ jókòó, lẹ́yìn èyí ló yí ọwọ́. Iṣẹ́ àtipadà yẹn kò ní orúkọ lára ẹnikẹ́ni.

Èmi náà ni àkọ́bí ilé wa, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi rìn mí lára. Bàbá mi tó tọ́ mi kì í ṣe Bàbá tó tọ́ àbíkẹ́yìn wa, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni. Ọwọ́ pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìṣirò. Nígbà tó fi máa kan Dàpọ̀, wọ́n ti mọ̀ pé pankẹ́rẹ́ kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣirò, wọ́n sì wá tíṣà lẹ́sìnnì fún un. Inú mi dùn fún Dàpọ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́. Ara mi ni wọ́n ti kọ́ bí wọn kò ṣe ní nà án. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ẹnì kan bá gbé ìṣirò síwájú mi lójijì, ọwọ́ mi á máa làágùn. Ẹ̀kọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Bàbá, ó ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ Dàpọ̀, kò rántí yà sọ́dọ̀ mi.

Ẹ lọ wo ilé alájà méjì tí ẹni kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ díẹ̀díẹ̀. Yàrá tó kọ́kọ́ kọ́, irin inú òpó rẹ̀ tín-ín-rín, sìmẹ́ńtì rẹ̀ kò tó, nítorí kò tíì mọ̀. Èyí tó kọ́ kẹ́yìn le bí àpáta. Orí yàrá àkọ́kọ́ yẹn gan-an ló sì gbé àjà kejì lé.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tó ń rajà ló yẹ kó la ojú, pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sọ irú ẹ̀ ní Kánádà, wọ́n ní ìjọba lọ ra pàǹtí. Ara ariwo òṣèlú nìyẹn, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú kì í rí inú ohun tí wọ́n ti wé. Ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ á wo táyà, á fi etí sí ẹ́ńjìnnì, á bèèrè ìwé. Ìwé á sọ fún un pé wọ́n wé wáyà bó ṣe yẹ, òótọ́ sì ni, nítorí bó ṣe yẹ nígbà náà ni wọ́n ṣe wé e. Ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé ni ti Bàbá rewáyà: kí lẹ ti wá mọ̀ láti ìgbà náà, tẹ́ ẹ ò padà wá sọ fún un?

Ọkọ̀ lórí ọkọ̀

Chicoutimi kò fi ara rẹ̀ rìn dé Kánádà. Ọkọ̀ ńlá kan, Eide Transporter, ló gbé e lẹ́yìn bí ìgbà tí tírélà gbé mọ́tò tó dẹnu kọlẹ̀, ó sì gbé e dé Halifax ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005. Ó jókòó níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ní 2009 wọ́n tún gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí Esquimalt ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ti ṣe é títí tó fi padà sójú òkun ní 2014. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 ni wọ́n tó ṣe ayẹyẹ ìwọṣẹ́ fún un ní Kánádà. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ti yọ ọ́ níṣẹ́ títí di ọjọ́ ayẹyẹ yẹn, ọdún 21. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lára rẹ̀ wò, nítorí àwọn kan nínú wọn kò dá wọn lójú.

Síbẹ̀ kò kú o. Láti ọdún 2017 wọ 2018, ó lo ọjọ́ 197 lójú òkun Pàsífíìkì, ó sì dé Japan. Ó ti pẹ́ gidi tí ọkọ̀ abẹ́ òkun Kánádà kan ti dé ibẹ̀ kẹ́yìn. Mo fẹ́ràn pé ó dé Japan. Àwọn kan lára àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ iná, ọ̀fun àti oorun wọn kò bá wọn padà bọ̀ sípò fún ọdún pípẹ́. Ìrìn-àjò ọjọ́ 197 kò lè wo ìyẹn sàn. Ohun méjèèjì ló jẹ́ òótọ́ nípa ọkọ̀ kan náà.

Mo padà lọ sí Mókọ́lá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo ní kí wọ́n tú gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo ẹ̀, Àǹtí mi? Owó ti gun òkè o." Mo ní mo ti gbọ́. Wọ́n tú u láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù dé ìdí búùtù, wọ́n sì rí ojú ibi mẹ́rin mìíràn tí wọ́n wé ní ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n mú téépù tuntun, wọ́n fi eyín ya ọ̀rá ara rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wé e ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta kò ní jẹ́ kó wọ inú páìpù rẹ̀, pé ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n wo páìpù, wọ́n kọ haà, wọ́n wá ránṣẹ́ sí ọmọ iṣẹ́ wọn pé kó lọ bá àwọn ra páìpù tó fẹ̀ ju ìyẹn lọ.